Àgbá Tí Mi Ò Dá Lu

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná. Bí ẹ bá kà á tán tí inú ṣì ń bí yín, a jọ wà nínú rẹ̀ ni, torí inú èmi náà ṣì ń bí mi sí ara mi.

Iṣẹ́ mi kì í tètè yé èèyàn. Bí ilé iṣẹ́ kan bá da oògùn olóró sílẹ̀, tí àwọn tó ni ín kó ẹrù wọn, tí wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, àwa ni wọ́n máa ń pè kí a wá tún ibẹ̀ ṣe. A ó fa oògùn náà sínú ọkọ̀, a ó wú ilẹ̀ tó ti mu ún, a ó fọ ohun tó ṣeé fọ̀, a ó sì máa fi bébà pélébé kan dán omi wò títí yóò fi mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wá ní ará òṣùpá nítorí aṣọ funfun tó bò wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tí a ń tún ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, irin ni wọ́n ti ń fi kíróòmù bò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ ẹnu ẹ̀rọ omi àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó máa ń dán bíi dígí? Kíróòmù ni. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìyeyè, ó ń jẹ awọ ara, bí ó bá sì wọ inú èèyàn, ó di ọ̀rọ̀ dókítà. Inú àgbá oníke aláwọ̀ búlúù ni wọ́n kó omi náà sí, àgbá rẹpẹtẹ. Wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ọ̀gá wa ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Bí a bá ti fa inú àgbá kan tán, a ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà gbàgàdà sí ìdí rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà a ó dá a lu káàkiri kó má lè gba omi dúró mọ́ láyé. Ìdí ni pé kò sẹ́ni tí kò fẹ́ àgbá. Àgbá tó nípọn, tó ní ìdérí, tí kì í jò, bí o bá gbé e sẹ́bàá ọ̀nà, kí o tó sín, ó ti di ti ẹlòmíràn.

Èmi ni mò ń dá àgbá lu. Bí wọ́n bá ti yí ọ̀kan dé iwájú mi, gbogbo wọn á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Dá a lu!" Dírìlì mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Kò pẹ́ tí orúkọ tí bàbá mi sọ mí fi di ohun ìgbàgbé. Mo di Ìyá Dá-a-lu.

Ọ̀gá náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó le. Ìbọ̀wọ́-Dà la sọ ọ́, torí kò sí ohun tí ẹ fẹ́ bá a sọ tí kò ní kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín. Ọ̀gá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ káàárọ̀, ìbọ̀wọ́ dà? Ọ̀gá, ìyàwó mi bímọ. Ẹ kú oríire, ìbọ̀wọ́ dà?

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín délé.

Alágbàfọ̀ ni ìyá ọkọ mi, ilé wọn kò sì jìnnà sí ilé iṣẹ́ tí a ń tún ṣe yẹn. Màmá kì í lo ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò mọ ibi tí kọ́là ti dọ̀tí jù. Ọwọ́ wọn méjèèjì ni gbogbo ọjà wọn, aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn agbẹjọ́rò, ibẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Àbúrò ọkọ mi wá lọ fẹ́ ìyàwó tó ń se ọṣẹ. Ọlọ́ṣẹ la ń pè é. Ìyálé ló ń pè mí, kò sì ṣẹ̀ mí rí. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ni pé ọṣẹ ló ń se, ìyá ọkọ wa sì ń fọ aṣọ. Ẹ wo irú oríire yẹn! Bí ó bá ti gbé ọṣẹ dé, Màmá á dìde fún un. "Ìyàwó tó mọ ohun tí mò ń lò!"

Èmi náà ra aago ògiri fún wọn rí. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé o rò pé mi ò mọ ìgbà tílẹ̀ ń mọ́ ni?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí àgbá tí Màmá fi ń ṣan aṣọ là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi àti Ọlọ́ṣẹ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

"Gbogbo omi tí mo pọn sí i, ilẹ̀ ló mu ún," ni wọ́n wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa ṣan aṣọ báyìí?"

Ọlọ́ṣẹ ní, "Ẹ fara balẹ̀, Màmá. A ó wá nǹkan ṣe sí i."

Mo wo Ọlọ́ṣẹ. Ọkàn mi sọ fún mi pé bí mi ò bá yára, ọmọ yìí á tún gba ti àgbá mọ́ ti ọṣẹ.

Lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, wọ́n yí àgbá kan dé iwájú mi. Ẹ gbà mí gbọ́, àgbá náà rẹwà. Kò ní àpá kankan lára, ìdérí rẹ̀ sì ń dún pàkò bó bá wọlé. "Dá a lu!" ni wọ́n pariwo, wọ́n sì kọjú sí iṣẹ́ tiwọn.

Mo gbé dírìlì sókè. Mo tún gbé e sílẹ̀.

Mo fọ àgbá yẹn bí ẹni ń fọ ọmọ tuntun. Mo fọ̀ ọ́ tán, mo tún un fọ̀. Mo bu omi tó mọ́ sí i, mo sì ti bébà wa bọ inú rẹ̀. Bí kíróòmù bá wà nínú omi, bébà yẹn á di elésè àlùkò lójú ẹsẹ̀. Kò yí padà. Ó funfun báláú.

"Ṣé o rí i?" ni mo sọ fún ara mi. "Ó mọ́ ju ìkòkò ilé ẹ lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, irọ́ tí mo pa nílé ti tó. Lójoojúmọ́ ni Ìbọ̀wọ́-Dà ń kọ ọ́ sí wa létí: "Ike máa ń mu oògùn bí ilẹ̀ ṣe ń mu ún. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lónìí, á mọ́ lónìí. Ẹ wá jẹ́ kí omi pẹ́ nínú rẹ̀ lábẹ́ oòrùn, ẹ ó rí i pé á máa làágùn gbogbo ohun tó mu." Mo ti gbọ́ ọ títí etí mi fi di sí i.

Mo yí àgbá náà dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ dá mi dúró.

"Ìyá Dá-a-lu, ibo lẹ̀ ń yí ìyẹn lọ?"

"Àgbá omi ìfọwọ́ wa ni. Ó ń jò, mo fẹ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àgbá lu, àgbá tún ń jò mọ́ yín lọ́wọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí géètì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọkọ mi, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun, ti ń dúró dè mí nítòsí. Ó wo àgbá, ó wò mí.

"Ta ló fún ẹ?"

"Ibi iṣẹ́ ni. Wọ́n fi dá mi lọ́lá ni, torí pé mo mọṣẹ́."

Irọ́ yìí kò sí lára ohun tí mo múra sílẹ̀. Ẹnu mi ló dá a pa. Inú ọkọ mi dùn débi pé ó ń fi fèrè ọkọ̀ kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé títí a fi dé ilé Màmá.

Ẹ ò bá rí Màmá! Wọ́n yí àgbá ká, wọ́n gbá a létí, wọ́n kan ìdérí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pe àwọn ará ilé kejì. "Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi dá ìyàwó mi lọ́lá níbi iṣẹ́!" Láti ọjọ́ náà ni àgbá ti ní orúkọ. Àgbá ọlá.

Ọlọ́ṣẹ náà bá mi yọ̀. "Ìyálé mi, ẹ kú oríire o." Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló tún ń bí mi nínú.

Fún ìgbà díẹ̀, ayé dùn. Èmi náà di ìyàwó. Bí mo bá dé, Màmá á lé ológbò kúrò lórí àga kí n lè jókòó. Aago ògiri tí wọ́n ti kó sábẹ́ ibùsùn, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan dá aṣọ rẹ̀ padà. Ó ní, "Màmá, funfun ni mo kó wá. Kí ló dé tó ń pọ́n?"

Agbẹjọ́rò kan dé, ẹjọ́ tirẹ̀ náà kò yàtọ̀. Màmá tún un ṣan, wọ́n tún un ṣan. Inú àgbá ọlá náà ni wọ́n sì ti ń ṣan án.

Ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Mo rí wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ ha etí tábìlì nígbà tí a ń sọ̀rọ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó yá, ó pọ́n, ó wú. Lẹ́yìn náà, láàárín ìka wọn, egbò kékeré róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó jìn, etí rẹ̀ sì le.

Mo dá a mọ̀. Àwòrán irú egbò yẹn wà lára ògiri yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́. Ihò tí mi ò lu sára àgbá, àgbá ti lu ú sí ọwọ́ Màmá.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, gbogbo wa péjọ sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ọlọ́ṣẹ gbé ọṣẹ dé bó ṣe máa ń ṣe. Màmá kò dìde.

"Ọlọ́ṣẹ, kí lo fi sínú ọṣẹ yìí?"

"Màmá, bí mo ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀ náà ni."

"Ó ba aṣọ mi jẹ, ó tún jẹ ọwọ́ mi. Ṣé ọwọ́ mi wá ń pa irọ́ mọ́ ọ ni?" Wọ́n na ọwọ́ náà síta kí gbogbo wa rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, ìwọ lo mọ̀ nípa oògùn nínú gbogbo wa. Ṣé ọṣẹ lè ṣe ọwọ́ èèyàn báyìí?"

Ibí gan-an ni kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ kò ju "àgbá ni" lọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo wo aago ògiri látojú fèrèsé. Mo wo ọkọ mi tó ń fi mí yangàn káàkiri. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi lọ, ọlá mi lọ, orúkọ mi di ti olè.

"Ó lè ṣe é, Màmá," ni mo wí. "Ó lè ṣe é gan-an."

Ọlọ́ṣẹ wò mí. Kò bá mi jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọṣẹ rẹ̀ padà sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó kó o, bí ẹni tó ń wá èyí tó da òun. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ọ̀rọ̀ sì rìn. Ọṣẹ tó ń jẹ ọwọ́, ọṣẹ tó ń jẹ aṣọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń gba òdìkejì títì kọjá.

Ẹ má rò pé mo jókòó lásán o. Ọgbọ́n ni mò ń dá, ọgbọ́n àyínìke. Mo gbé ìbọ̀wọ́ wá fún Màmá láti ibi iṣẹ́. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n bọ́ ọ. "Mi ò lè fi ọwọ́ rọ́bà gbọ́ bí aṣọ ṣe mọ́ tó." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé àgbá náà lọ pààrọ̀ sí èyí tó tóbi jù ú lọ.

"Àgbá ọlá? Kí n dá ọlá padà? Ó tì o!"

Mo wá mú ìṣó àti òòlù. Mo dúró de ìgbà tí Màmá gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì dá àgbá náà lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀. Ìyá Dá-a-lu ti padà sẹ́nu iṣẹ́! Omi tú jáde yàà, ọkàn mi sì fúyẹ́. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, àgbá kún fọ́fọ́. Ọkọ mi dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin tí kò tún àga ilé wa tó ń mì ṣe látìgbà tí a ti fẹ́ra, òun ló fi iná yọ́ ike, tó dí ihò náà pinpin.

"Wò ó," ló ń wí, "ṣé o lè mọ̀ pé ó jò rí?"

Mo ní ó káre. 

Ohun tó wá lé oorun lójú mi pátápátá ni ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní, "Omi inú àgbá yìí tutù. Mò ń rò ó pé kí n gbé e wọ ilé ìdáná. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ti iléèwé dé, kí wọ́n máa bù ú mu."

"Rárá!" Mo pariwo débi pé ológbò sá gun ògiri. "Ike máa ń... ike máa ń mú omi rùn, Màmá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wò mí títí. "Ó dáa. Bí ọwọ́ mi bá san, a ó jọ sọ ọ́."

Mo pinnu pé lópin ọ̀sẹ̀, màá jẹ́wọ́. Mo tilẹ̀ ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò níwájú dígí. Ẹ̀yin náà mọ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ ju pé kì í ṣe òní.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìbọ̀wọ́-Dà kó wa jọ. Ó ní a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ ibẹ̀ tán, ó kù kí a wọ àwọn ilé tó yí wa ká, kí a dán omi kànga wọn wò, bóyá oògùn ti gba abẹ́ ilẹ̀ lọ bá wọn. Ó dárúkọ títì tí a óò kọ́kọ́ wọ̀. Títì Màmá ni.

"Ìyá Dá-a-lu, ẹ̀yin lẹ ó tẹ̀ lé mi. Ẹ mọ àwọn ará ibẹ̀, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún yín."

"Ọ̀gá, inú ń run mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìbọ̀wọ́ dà?"

A wọ ilé kan, omi wọn mọ́. A wọ èkejì, ó mọ́. Bí a ṣe fẹ́ kan ilé Màmá, mo yára bọ́ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ilé tó kàn yìí kò ní kànga. Ẹ jẹ́ ká kọjá." Òótọ́ ni, wọn kò ní kànga, omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń pọn. Ó mi orí, ó ti ń kọjá lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí.

"Ìyàwó mi! Ṣé ọ̀gá yín rèé?" Màmá ti jáde, wọ́n ti gba iwájú ọkùnrin náà. "Ẹ̀yin lẹ fi àgbá dá ìyàwó mi lọ́lá! Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí yín dúpẹ́. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an!"

"Àgbá wo, Màmá?"

"Ẹ gbọ́, ó ń díbọ́n! Àgbá búlúù! Ẹ wọlé wá wò ó."

Wọ́n fà á lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ lọ sí ọwọ́ tí wọ́n fi fà á. Ó wo àwọn egbò yẹn, kò sì béèrè ìbọ̀wọ́.

Ọlọ́ṣẹ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bá Màmá fún aṣọ. Gbogbo bí wọ́n ṣe bá a wí tó, kò yéé wá, torí Màmá kò lè fún aṣọ mọ́. Ó tọwọ́ bọ inú àgbá náà bí a ṣe wọlé, ó fa aṣọ kan yọ. Láàárín ìka tirẹ̀ náà ti ń pọ́n.

 Ìbọ̀wọ́-Dà yọ bébà kan, ó tì í bọ inú àgbá. Kó tó fà á jáde tán ló ti di elésè àlùkò.

"Áà, àwọ̀ yẹn mà dára o," ni Màmá wí. "Ṣé ohun tó ń fi hàn ni pé omi wa ló dára jù?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, kí lẹ rò pé ó ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ọṣẹ ni, ọ̀gá. Ọṣẹ ọmọ yìí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Màmá fi ọwọ́ hàn mí, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. "Ìyàwó mi ni. Òun ló mọ̀ nípa oògùn nínú gbogbo wa."

Mo fẹ́ kí n lè sọ fún yín pé ìgbà yẹn ni mo lanu sọ òótọ́. Inú mi ì bá dùn bí mo bá lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. 

Ìbọ̀wọ́-Dà da omi inú àgbá náà sínú àwọn garawa wa, ó sì dojú àgbá délẹ̀. Ọ̀dà pupa hàn gbangba ní ìdí rẹ̀, ìlà gbàgàdà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àmì àwọn tó ṣe àgbá ni. Èmi tí mo fọ inú àgbá tó bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́ mi lójú débi pé mi ò rántí ìdí rẹ̀.

"Ìyá Dá-a-lu," ló pè mí. Kò pariwo. Orúkọ yẹn kò dùn létí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Mo kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀. Mo sọ ọ́ tán, láti orí dírìlì tí mo gbé sílẹ̀ dé orí ìṣó. Mo ní kì í ṣe ọṣẹ, kò jẹ́ ọṣẹ rí, mo sì ti mọ̀ látọjọ́ tí mo ti rí egbò àkọ́kọ́. Mo ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún kò dá ọ̀rọ̀ dúró mọ́.

Màmá wá àga, wọ́n jókòó. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ àti inú rẹ̀.

"O mọ̀," ni wọ́n wí. "O jókòó síbẹ̀ yẹn, mo sì bi ọ́."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ọlọ́ṣẹ, wá, ọmọ mi." Wọ́n fẹ́ dì mọ́ ọn, wọ́n rántí ọwọ́ wọn, wọ́n fi ìgùnpá gbá a mọ́ra. Ìgbà yẹn ni Ọlọ́ṣẹ wá sunkún, gbogbo èyí tó ti gbé mì láti ọjọ́ Àìkú yẹn.

Ìbọ̀wọ́-Dà lọ mú dírìlì nínú ọkọ̀, ó nà án sí mi. Mo gbà á. Mo wo Màmá.

"Kí lò ń wò mí sí?" ni wọ́n wí. "Dá a lu."

Mo dá a lu títí ó fi rí bí asẹ́.

Ìbọ̀wọ́-Dà fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé Màmá àti Ọlọ́ṣẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò, oògùn náà kò tíì wọ inú wọn. Ọpẹ́ ni pé omi yẹn kò dé ilé ìdáná. Ọwọ́ Ọlọ́ṣẹ tètè san. Ti Màmá pẹ́ díẹ̀, ó sì fi àpá róbótó sílẹ̀ láàárín ìka wọn.

Níbi iṣẹ́, wọ́n dá mi dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n sì gbà mí padà. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan dírìlì mọ́. Bàtà ni mò ń fọ̀. Orúkọ mi tuntun ni Ìyá Bàtà, ó sì tọ́ sí mi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń wo inú àpò mi bí mo bá ń lọ, ó ń wo inú ike oúnjẹ mi, ó ń wo abẹ́ fìlà mi.

Ọkọ mi ńkọ́? Ohun kan ṣoṣo tó wí ni pé, "Mo mà fi fèrè kí gbogbo ayé."

Màmá ló dájọ́ tèmi. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ẹnu ló sì ṣẹ̀, torí náà ẹnu ni yóò jìyà. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ ọṣẹ karí, mo wọ gbogbo ilé tó wà ní títì yẹn. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni mò ń sọ: "Ọṣẹ yìí kò ṣe ẹnikẹ́ni rí. Àgbá mi ni, irọ́ mi sì ni." Ọlọ́ṣẹ ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Ó ní òun kò bá mi jà, òun kàn fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ọ ni. Bí mo bá rọ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ìyálé mi, àwọn tó wà lókè ilé kò gbọ́ o."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn púpọ̀, ẹnu mi kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tí mo lè sọ kò ju pé bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ méjì tó yẹ kí ẹ sọ, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ méjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra báàfù tuntun fún Màmá, ní ṣọ́ọ̀bù, níṣojú ọkọ mi. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, àdúrà gidi. Lẹ́yìn náà wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n wo ìdí rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì fi àtàǹpàkò ra á.

Wọ́n rí i pé mò ń wò wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́ṣẹ wọlé lẹ́yìn mi, ó gbé ọṣẹ tuntun dání. Màmá ti bu omi sínú báàfù náà, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n gba ọṣẹ náà, wọ́n sì jù ú sínú omi láìwò ó.